Iye Wákàtí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lẹ́tà náà dé,
ó tutù bí ẹja nínú àpótí ẹnu ọ̀nà,
òǹtẹ̀ Helsinki lójú rẹ̀,
orúkọ mi lára rẹ̀, kò sí àṣìkọ kankan:
Tuulikki Moilanen, atọ́jú eegun àti iṣan,
ilé ìwòsàn Kajaani.

Mo bọ́ bàtà, n kò bọ́ kóòtù.
Mo jókòó ti sítóòfù, mo kà á.
Wákàtí mélòó lọ́sẹ̀ kan
ni ẹ fi ń dúró ti ẹ̀rọ ìgbì rédíò?
Báwo ni ẹ ṣe jìnnà sí i tó bó bá ń ṣiṣẹ́?
Ǹjẹ́ ẹ lóyún lọ́dún náà?
Báwo ni oyún ọ̀hún ṣe parí?
Àlàfo ìka mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀
fún ìdáhùn èyí tó kẹ́yìn.

Igun yàrá kẹta ni ẹ̀rọ wa ń gbé.
Ó ga tó ọmọ ọdún méje,
apá méjì, àwo méjì, bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń tọrọ.
Bí mo bá tàn án, kì í rùn, kì í rú èéfín,
á kàn máa kùn bí oyin tó ń tòògbé.
Orúnkún bàbá Nestori, tó fi ogójì ọdún gé igi nínú igbó,
á bẹ̀rẹ̀ sí í móoru láti inú mùdùnmúdùn wá.
Á ní, "Ọmọ mi, oòrùn ti wọlé sí mi lẹ́sẹ̀."
Èmi náà á fara ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ,
nítorí oṣù kejì ni, òtútù ń bu ni jẹ.
Ìwé ìkìlọ̀ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ ní èdè Jámánì;
a fi kàlẹ́ńdà bò ó.
Ta ló ń bi ooru léèrè ibi tó ti ń bọ̀?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni.
Ọlẹ̀ ò tíì sọ.
Ọkọ mi nìkan ló mọ̀, àti ìyá rẹ̀.
Ìyá rẹ̀ ti ń hun ìbọ̀sẹ̀,
ẹyọ kan ló rí parí.

Iye ni wọ́n ń bèèrè.
Ìyè ló bọ́ lọ́wọ́ mi.
Iyè mi ni kò gbàgbé.

Ṣùgbọ́n Marjut ńkọ́?
Ọdún mọ́kànlá nídìí ẹ̀rọ kan náà, ọmọ mẹ́rin,
àbígbẹ̀yìn wọn ń sáré lórí yìnyín bí ológbò tí ajá ń lé.
Lempi ńkọ́, ní ilé ìdáná,
tí kò fojú kan ẹ̀rọ yìí rí?
Oyún méjì ló ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára.
Dókítà ní ọ̀pọ̀ oyún ń lọ báyẹn
láìsí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni.
Ta wá ni kí n dì mú?
Ta ni kí n tú sílẹ̀?
Ohun tí ń kùn kì í jẹ́wọ́,
kì í sì í sẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo mú téèpù tí a fi ń wọn orúnkún,
mo nà án láti ìdodo mi dé ẹnu àwo:
ẹsẹ̀ bàtà kan, ìka mẹ́rin.
Mo kọ ọ́.
Wákàtí: mo kọ méjìlá, mo pa á rẹ́, mo kọ mẹ́rìnlá.
Nínú àlàfo ìka mẹ́ta, mo kọ "ó wálẹ̀".
Àlàfo ṣì pọ̀ níbẹ̀.

Irja, ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́, ń gbọ̀n.
Ó ń sún mọ́ ẹ̀rọ láti yáná.
N kò sọ pé ó ń pa ni,
n kò sọ pé kì í pa ni,
mo kàn dì í mú lápá aṣọ,
a jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà, a dúró síbẹ̀, a káwọ́ gbera.

Bàbá Nestori yí orí padà lórí ibùsùn:
"Kí ló dé lónìí
tí ẹ fi jìnnà sí mi tó báyìí?"